Igun Fèrèsé Ìbọn Kọkàndínlógún

Ọjọ́ Ajé, 8 oṣù Òkúdù

A bẹ̀rẹ̀ lónìí. Kapitán Sarabia, ẹni tó fẹ́ rajà fún ilé iṣẹ́ ẹ̀ṣọ́ báńkì, fúnra rẹ̀ ló ṣa ìbọn ìléwọ́ mẹ́ta nínú ọgbọ̀n tí a tò sórí tábìlì: 7, 19 àti 23. Kò bi ẹnikẹ́ni léèrè. Ó kàn ń gbé wọn lọ́kọ̀ọ̀kan, ó ń yí wọn sí ìmọ́lẹ̀, ó sì pẹ́ lórí 19 ju àwọn yòókù lọ. Tatay, bàbá ọkọ mi, dúró ti ògiri, ó ń ṣe bí ẹni tí kò rí i. Mo mọ̀ pé inú rẹ̀ ń dùn, torí iṣẹ́ ọwọ́ rẹ̀ ni.

Ọta 10,000 ni a máa yìn nínú ìbọn kọ̀ọ̀kan, 250 lóòjọ́. A lè pààrọ̀ sípíríǹgì, a lè pààrọ̀ àwọn ìkọ́ kéékèèké. Ṣùgbọ́n bí ara ìbọn bá sán, tàbí ọ̀pá rẹ̀, tàbí orí rẹ̀ tó ń sáré sẹ́yìn tó ń padà bọ̀ nígbàkigbà tí a bá yìn ín, ọ̀rọ̀ ti parí nìyẹn, wọn ò ní ra ẹyọ kan. Ọ̀gá wa, Màdáámù Tumulak, kà á sí wa létí lẹ́ẹ̀mejì bí ẹni ń ka òfin ìjọ.

Èmi ni mo ń yẹ̀ wọ́n wò, èmi ni mo sì ń kọ ìwé ilé iṣẹ́. Ìwé tibí yìí jẹ́ tèmi nìkan, ẹ̀yìn agolo àgbàdo lílọ̀ ló ń gbé.

Bí wọn ò bá rà á, Màdáámù ní òun máa ti ilé iṣẹ́ pa kí ọdún tó parí. Elpidio ọkọ mi á padà sórí òkè nìyẹn, síbi tí wọ́n ti ń rọ ìbọn láìní ìwé àṣẹ. Ibẹ̀ ni wọ́n ti mú un lọ́jọ́sí, tó fi lo ọdún méjì àti oṣù mẹ́rin lẹ́wọ̀n. Ẹni ọdún mẹ́rìndínláàádọ́ta ni mí. Mi ò lè gbé abọ́ oúnjẹ dúró lẹ́nu ọ̀nà ọgbà ẹ̀wọ̀n mọ́.

Ọjọ́bọ̀, 11 oṣù Òkúdù

Ọ̀kọ̀ọ̀kan ti pé 1,000. Kò sí nǹkan tó ṣe wọ́n. Òjò ń rọ̀ láti àárọ̀, páànù orí ibi ìyìnbọn sì ń jò sórí tábìlì mi, ni mo bá ń fi ara bo ìwé. Noy Goyo ló ń yìnbọn fún wa. Ṣọ́jà ni tẹ́lẹ̀, ó ti lé lọ́gọ́ta ọdún, kì í sì yin ọta àkọ́kọ́ láìṣe àmì àgbélébùú. Lónìí ó ní ọrùn ọwọ́ ń dun òun bí ẹni tó lọ àgbàdo fún gbogbo àdúgbò. Mo fún un ní òróró àgbọn kó fi ra á.

Ẹja gbígbẹ ti gbówó lórí. Àwọn apẹja ò ráyè jáde.

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 16 oṣù Òkúdù

Ìbọn 7 dákẹ́ lórí ọta 1,912. Noy Goyo gbé e sílẹ̀, ó wò mí, èmi náà wò ó. Èèpo ọta ló há sínú rẹ̀ tí kò jáde. Nígbà tí mo tú u, ìkọ́ tó máa ń fa èèpo náà jáde ti kán lẹ́nu. Wọ́n ti mú irin rẹ̀ le jù nígbà tí wọ́n ń fi iná sí i. Ìkọ́ kékeré ni, òfin gbà wá láyè, a fi òmíràn síbẹ̀, ìbọn sì ń bá iṣẹ́ rẹ̀ lọ. Ṣùgbọ́n ẹ̀ẹ̀mejì ni mo kọ nọ́ńbà kan náà sínú ìwé. Elpidio fi mí rẹ́rìn-ín títí a fi délé. Ó ní ìkọ́ nìyẹn, kì í ṣe orí. Mo mọ̀ bẹ́ẹ̀. Àmọ́ bí nǹkan kan bá ti kán, mo ti ń ro èyí tó kàn nìyẹn.

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun ni ọjọ́ kẹrosíìnì. Mo rẹ orí mẹ́tẹ̀ẹ̀ta sínú rẹ̀, mo nù wọ́n gbẹ, mo fi búrọ́ọ̀ṣì da ìyẹ̀fun ṣọ́ọ̀kì bò wọ́n, mo sì jókòó tì wọ́n. Bí ibì kan bá sán, kẹrosíìnì tó sá pamọ́ síbẹ̀ á rọra yọ padà, á sì ya ìlà sórí ṣọ́ọ̀kì. Kò sí ìlà kankan. Mo tún jókòó tì wọ́n fún wákàtí kan kó lè dá mi lójú.

Ọjọ́ Àbámẹ́ta, 20 oṣù Òkúdù

Kò sí nǹkan tó ṣẹlẹ̀. Èyí gan-an ló ń bà mí lẹ́rù.

Ọjọ́rú, 24 oṣù Òkúdù

Ọdún San Juan, àjọ̀dún Jòhánù Onítẹ̀bọmi. A ò yìnbọn. Gbogbo ìlú wà létí òkun, wọ́n ń da omi sí ara wọn lórí. Èmi náà wọ omi dé orúnkún, mo sì fẹ́ gbádùn ara mi, àfi bí mo ṣe rí Bulan, ọ̀gá àwọn tó ń rọ ìbọn láìní ìwé àṣẹ, tó ti orí òkè sọ̀ kalẹ̀, tó jókòó ti Elpidio lábẹ́ igi àgbọn, tí wọ́n jọ ń mu ẹmu. Mi ò gbọ́ ohun tí wọ́n ń sọ. Nígbà tí mo bi Elpidio, ó ní Bulan kàn ń kí òun ni. Mo ní ṣé ọkùnrin yẹn á rin ọ̀nà wákàtí mẹ́ta nítorí ìkíni. Ó ní kí n má ba ọdún jẹ́ mọ́ òun lọ́wọ́.

Ẹja yíyan dùn. Mo jẹ díẹ̀.

Ọjọ́rú, 1 oṣù Agẹmọ

A ti dé ìdajì. 5,000! Màdáámù ra àkàrà òyìnbó fún gbogbo wa. A pààrọ̀ sípíríǹgì nínú mẹ́tẹ̀ẹ̀ta. Ti àtijọ́ ti kúrú tó ìbú ìka kan nígbà tí mo gbé e sẹ́gbẹ̀ẹ́ tuntun. Mo ti fura tẹ́lẹ̀, torí láti ọ̀sẹ̀ tó kọjá ni èèpo ọta ti ń fò jìnnà ju ti tẹ́lẹ̀ lọ, ó ń dé ìdí ògiri. Bí sípíríǹgì bá ti rẹ̀, orí ìbọn á máa gbá ẹ̀yìn le ju bó ṣe yẹ lọ. Ó yẹ ká ti pààrọ̀ rẹ̀ ṣáájú. Mo sọ fún Màdáámù, ó ní kí n kọ ọ́ sílẹ̀ fún ìgbà mìíràn.

Tatay ń rìn káàkiri ilé iṣẹ́ bí ọkọ ìyàwó. Ó ní kí wọ́n wá wo 19, pé kò tíì dàgbà lọ́jọ́ kan.

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 7 oṣù Agẹmọ

Ìjì. Páànù mẹ́rin ṣí kúrò lórí ibi ìyìnbọn. Kò sí iṣẹ́ lónìí, kò ní sí lọ́la, kò sì sí àyẹ̀wò kẹrosíìnì pẹ̀lú. Mo jókòó sílé, mo ń ro àwọn ìbọn nínú àpótí wọn bí ẹni ń ro ọmọ tó wà nílé ìwòsàn. Omi wọ ilé ìdáná wa dé ọrùn ẹsẹ̀.

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 14 oṣù Agẹmọ

Mo rí i.

Ìbọn 19, lórí ọta 7,250. Fèrèsé wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ orí ìbọn, ibẹ̀ ni èèpo ọta ń gbà jáde. Ní igun rẹ̀ nísàlẹ̀, lápá iwájú, ìlà kan yọ lórí ṣọ́ọ̀kì. Kò gùn ju irun ìpéǹpéjú lọ. Mo kọ́kọ́ rò pé irun orí mi ló já sí i. Mo nù ún, mo tún un rẹ, mo tún da ṣọ́ọ̀kì sí i, ó tún yọ síbi kan náà. Ẹ̀ẹ̀mẹrin ni mo ṣe bẹ́ẹ̀.

Mo wo ẹ̀yìn mi, kò sẹ́ni tó ń wò mí. Mo nù ún, mo fi epo pa á, mo sì kọ sínú ìwé ilé iṣẹ́ pé: ó dára.

Ọjọ́rú, 15 oṣù Agẹmọ

Noy Goyo yin 250 nínú 19 lónìí. Ojú rẹ̀ wà lẹ́yìn irin yẹn, ojú ẹni tí mo bá pín ẹja gbígbẹ jẹ lọ́sàn-án. Mo tún kọ pé ó dára.

Ọta 2,500 ló kù. Mo ń sọ ọ́ fún ara mi pé irin le, pé àlàfo bí irun kan kì í ṣe nǹkan. Mi ò gba ara mi gbọ́.

Ọjọ́bọ̀, 16 oṣù Agẹmọ

Ìlà náà ti gùn sí i. Mo fi gíláàsì tó ń mú nǹkan tóbi wò ó, ó ti tó ìdajì hóró ìrẹsì.

Lẹ́yìn náà ni mo wá lọ wo ìwé tí wọ́n lẹ̀ mọ́ ògiri, tó sọ ẹni tó parí iṣẹ́ lára ìbọn kọ̀ọ̀kan. 7, Elpidio. 23, Elpidio. 19, Tatay. Irin kan náà ni, ẹ̀rọ kan náà ló gé wọn, ọjọ́ kan náà ni wọ́n sì jáde nínú iná. Mo gbé mẹ́tẹ̀ẹ̀ta sẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn. Igun fèrèsé Elpidio ṣe rọ̀bọ̀tọ̀ díẹ̀, bí ẹ̀rọ ṣe fi í sílẹ̀, torí ọwọ́ rẹ̀ kò já fáfá tó ti bàbá rẹ̀, kò sì lè fi fáìlì yún un dé inú. Ti Tatay gún régé. Bí o bá ki ẹnu abẹ bọ igun yẹn, ìmọ́lẹ̀ ò ní kọjá. Bí wọ́n ṣe ń mọ ọ̀gá níhìn-ín nìyẹn láti ayé bàbá rẹ̀. Igun tó gún yẹn náà ló ti sán.

Mo wá lọ wo àwòrán iṣẹ́ tí Màdáámù yà. Ó kọ ọ́ síbẹ̀ gbangba pé kí igun ṣe rọ̀bọ̀tọ̀. Tatay ti rí àwòrán yẹn. Gbogbo wa la ti rí i. A rò pé ẹ̀rọ ni kò lè dé inú igun, pé ọwọ́ èèyàn ló yẹ kó parí rẹ̀.

Mo tún kọ pé ó dára. Ẹ̀ẹ̀kẹta nìyí.

Ọjọ́ Ẹtì, 17 oṣù Agẹmọ

Noy Goyo ti parí ti òní nínú 7 àti 23. Ó gbé 19, ó ṣe àmì àgbélébùú, ó sì tún gbé e sílẹ̀. Ó ní, "Salud, láti àná ni o ti ń ka ọta mi sókè. O ò ṣe bẹ́ẹ̀ rí. Kí lo rí?"

Mo sọ pé ohun tí wọ́n fi ń wo ọ̀kánkán lẹ́yìn rẹ̀ ló ń mì, pé ká fi 19 sílẹ̀ fún òní.

Ó ní, "Ọmọ-ọmọ mẹ́fà ni mo ní. Mo kàn ní kí n rán ẹ létí ni." Ó fọwọ́ rẹ̀, ó sì lọ sílé láìdágbére.

Ojú tì mí gidigidi. Mo tún kọ irọ́ ohun tó ń mì yẹn sínú ìwé.

Ọjọ́ Àbámẹ́ta, 18 oṣù Agẹmọ

A ṣíwọ́ lọ́sàn-án. Mo dúró títí gbogbo wọn fi lọ, ó wá ku Tatay nìkan nídìí tábìlì rẹ̀, tó ń to àwọn fáìlì rẹ̀ sínú aṣọ. Mo gbé orí 19 àti gíláàsì lọ bá a. Mo ní kó jọ̀ọ́, kó bá mi wo nǹkan kan.

"Kí ni mo fẹ́ wò níbẹ̀, Inday? Iṣẹ́ ọwọ́ mi ni. Mo mọ̀ ọ́n bí mo bá tiẹ̀ dijú." Inday, ìyẹn ọmọbìnrin, ló máa ń pè mí.

"Ẹ ṣáà wò ó, Tatay."

Ó wò ó. Ó pẹ́ kó tó gbójú sókè. "Ìdọ̀tí ni."

"Mo ti fọ̀ ọ́ lẹ́ẹ̀mẹrin."

"Irin tí Màdáámù yẹn rà ni kò dáa. Mo sọ fún un."

"Irin yẹn náà ni wọ́n fi ṣe 7 àti 23. Wọn ò sán."

"Ta ló parí àwọn yẹn?"

Mo ní Elpidio ni.

Ó rẹ́rìn-ín, ẹ̀rín tí kò dénú. "Elpidio? Ọmọ tí kò tíì yún igun kan kó gún láti ọjọ́ tí ìyá rẹ̀ ti bí i?"

"Ohun tó gbà wọ́n nìyẹn, Tatay. Igun tó bá mú jù, ibẹ̀ ni agbára gbogbo ọta ń rọ́ sí. Ó wà nínú àwòrán."

"Ẹ̀rọ ló ń fi igun sílẹ̀ ní rọ̀bọ̀tọ̀, torí ẹ̀rọ ò lọ́wọ́. Àádọ́ta ọdún ni mo ti ń bá a parí ẹ̀. Àádọ́ta ọdún! Ta ló gbé ìbọn padà wá fún mi rí pé ó sán?"

Mi ò mọ ìgbà tí ọ̀rọ̀ náà jáde lẹ́nu mi. Mo ní, "Tatay, nínú àádọ́ta ọdún yẹn, èwo nínú ìbọn yín ni ẹnikẹ́ni yìn tó ẹgbẹ̀rún kan?"

Àwọn tó ń ra ìbọn orí òkè lọ́wọ́ rẹ̀ nígbà yẹn, abẹ́ ìrọ̀rí ni wọ́n ń fi í sí. Òmíràn ò yìn ju ọta mẹ́wàá lọ kó tó fi í sílẹ̀ fún ọmọ. Kò sẹ́ni tó lò ó pẹ́ débi tí yóò fi sán. Mo rí i lójú rẹ̀ pé ohun tí òun náà ń rò nìyẹn. Ó gbé orí ìbọn padà lé mi lọ́wọ́, ó di aṣọ fáìlì rẹ̀, ó sì jáde. Mo sunkún díẹ̀ kí n tó ti ilẹ̀kùn.

Ọjọ́ Àìkú, 19 oṣù Agẹmọ

Tatay ò lọ sí Máàsì. Kò jẹun. Ó sọ ọ̀rọ̀ 19 fún Elpidio, Elpidio sì wá bá mi lẹ́yìnkùlé níbi tí mo ti ń fọṣọ.

Ó ní kí n má kọ nǹkan kan. Ó ní ọta 2,250 ló kù, ó máa dé ibẹ̀. Mo ní bí kò bá dé ńkọ́. Ó ní Noy Goyo ti rí ju ìyẹn lọ lójú ogun.

"Ṣé wàá fi ojú tìẹ síbẹ̀?" ni mo bi í.

Ó ní, "Salud, bí o bá kọ ọ́, iṣẹ́ bàbá mi lo kọ yẹn. Orúkọ tó fi àádọ́ta ọdún ní. Èmi náà á sì padà sọ́dọ̀ Bulan, torí iṣẹ́ kan ṣoṣo ni mo mọ̀. Kí o mọ̀ bẹ́ẹ̀."

Mo ti mọ̀ bẹ́ẹ̀ láti ọjọ́ Ìṣẹ́gun. Ohun tó fà á tí mo fi parọ́ nìyẹn. Mo ń ro ẹ̀ṣọ́ kan lẹ́nu ọ̀nà báńkì, ẹni tí mi ò mọ̀, pẹ̀lú irin yẹn níwájú ojú rẹ̀. Mo tún ń ro abọ́ oúnjẹ lẹ́nu ọ̀nà ẹ̀wọ̀n. Mi ò mọ èyí tí mo fẹ́ mú.

Ọjọ́ Ajé, 20 oṣù Agẹmọ

Mo kọ ọ́. Kí iṣẹ́ tó bẹ̀rẹ̀, kí Noy Goyo tó dé. Ohun tí mo kọ nìyí: "Ìbọn 19, ọta 7,750. Orí rẹ̀ sán ní igun fèrèsé, nísàlẹ̀ lápá iwájú. Mo rí i ní ọjọ́ kẹrìnlá. Mo kọ pé ó dára lẹ́ẹ̀mẹta lẹ́yìn ìyẹn, mo sì kọ pé nǹkan kan ń mì lọ́jọ́ kẹtàdínlógún. Irọ́ ni mẹ́rẹ̀ẹ̀rin. Salud Capangpangan." Mo gbé e lọ fún Màdáámù.

Ó kà á lórí ìdúró. Ó jókòó, ó tún un kà. Kò pariwo. Ó kàn gba ìwé lọ́wọ́ mi, ó tì í mọ́ inú dúrọ́ọ̀, ó sì ní kí n máa lọ gbálẹ̀.

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 21 oṣù Agẹmọ

Elpidio kó irinṣẹ́ rẹ̀ sínú àpò ìrẹsì, ó sì wọ ọkọ̀ tó ń lọ sí ìsàlẹ̀ òkè kí n tó dá iná. Kò bá mi jà. Ìbá sàn kó bá mi jà. Tatay jókòó lójú fèrèsé títí ilẹ̀ fi mọ́ dáadáa, kò wojú mi.

Ọjọ́bọ̀, 23 oṣù Agẹmọ

Kapitán Sarabia dé láti ìlú Cebu. Màdáámù ló fóònù fún un. Mo rò pé ó máa kó ìwé rẹ̀ kó sì lọ ni, ṣùgbọ́n ó ní ká de 19 mọ́ ìdúró irin, ká fi okùn fa á láti ẹ̀yìn ògiri. A yìn ín láti àárọ̀. Èèyàn mẹ́ta ló ń ki ọta. Lórí 8,212, ó dún yàtọ̀. Iwájú fèrèsé náà ti là dé òkè, ègé irin kan tó tó èékánná sì ti fò jáde, ó lu páànù lẹ́yìn. Noy Goyo ló lọ ṣà á. Ó wá dúró síbi tó máa ń dúró sí, ó gbé ègé náà sókè níwájú ojú ara rẹ̀, ó sì jù ú sórí tábìlì mi.

Kapitán ní kí wọ́n gbé ìwé wá. Ó kà á. Ó bi mí, "Ìwọ lo kọ èyí?"

"Èmi ni, sà."

"O parọ́ fún ọjọ́ mẹ́rin."

"Bẹ́ẹ̀ ni, sà."

Ó ṣí ìwé náà láti ìbẹ̀rẹ̀, ó ka ti ìkọ́, ó ka ti sípíríǹgì. Lẹ́yìn náà ló kọjú sí Màdáámù. "Ilé iṣẹ́ méjì mìíràn ti fún mi níwèé. Nínú tiwọn, nǹkan kan ò kán láti ọta kìíní dé ìkẹyìn. Irú irin wo nìyẹn, Màdáámù, àbí irú ìwé wo?"

Ó ní 19 ti kùnà, òun ò sì ní ra nǹkan kan lórí ìdánwò yìí. Ṣùgbọ́n bí a bá ṣe orí tuntun mẹ́ta tí igun wọn rí bí àwòrán ṣe wí, tí a sì tún un bẹ̀rẹ̀ láti orí ọta kìíní, òun á dúró dè wá dé ìparí oṣù kẹsàn-án. Ó ní kí wọ́n má yí ẹni tó ń kọ ìwé padà. Màdáámù gbé ìwé náà padà fún mi ní ìrọ̀lẹ́, ó ṣì ń fajú ro.

Ó yẹ kí inú mi dùn. Elpidio ò sí níbẹ̀ láti gbọ́.

Ọjọ́ Àbámẹ́ta, 25 oṣù Agẹmọ

Tatay ní òun ló máa parí orí tuntun. Kò sẹ́ni tó lè sọ pé kó má ṣe é. Ó ba ọ̀kan jẹ́ lánàá, ó tún ba ọ̀kan jẹ́ lónìí. Mo ń wò ó. Ó máa ń bẹ̀rẹ̀ dáadáa, á ní òun ò ní dé inú igun, ṣùgbọ́n bí fáìlì bá ti wọlé báyìí, ọwọ́ rẹ̀ á lọ síbi tó ti ń lọ láti àádọ́ta ọdún, kó tó mọ̀, igun ti gún. Ó bú ọwọ́ ara rẹ̀ sókè.

Ọjọ́ Ajé, 27 oṣù Agẹmọ

Ọ̀kan mìíràn tún bàjẹ́. Orí mẹ́rin péré ló kù tí ẹ̀rọ ti gé. Ó fi fáìlì sílẹ̀, ó sì jókòó, ó ń wo àtẹ́lẹwọ́ rẹ̀. Àwọn yòókù ń ṣe bí ẹni tí kò rí i. Mo bu omi fún un, ó mu ún.

Ọjọ́rú, 29 oṣù Agẹmọ

Lánàá Tatay wọ ṣẹ́ẹ̀tì tó fi ń lọ sí Máàsì. Ó gun ọ̀kadà lọ sórí òkè, nínú ẹrẹ̀, ẹni ọdún mẹ́rìnléláàádọ́rin. Mo bẹ̀ ẹ́ kó má lọ. Ó ní, "Inday, tọ́jú oúnjẹ ẹni mẹ́ta." Mi ò fẹ́ kí ọkàn mi bẹ̀rẹ̀ sí í retí nǹkan. Mo se ti ẹni mẹ́ta, mo sì gbé e tì.

Ọ̀sán òní ni wọ́n dé, àwọn méjèèjì lórí ọ̀kadà kan, àpò irinṣẹ́ láàárín wọn, ẹrẹ̀ dé imú. Elpidio ti rù. Mo gbé oúnjẹ sílẹ̀, mo sì lọ sẹ́yìnkùlé kí wọ́n má baà rí ojú mi.

Ọjọ́bọ̀, 30 oṣù Agẹmọ

Elpidio parí ọ̀kan lónìí. Tatay jókòó tì í lórí àga kékeré. Nígbàkigbà tí fáìlì bá ti fẹ́ wọ igun, á gbá a lọ́wọ́. "Ó tó. Fi í sílẹ̀ bẹ́ẹ̀. Mo ní fi í sílẹ̀, àbí o fẹ́ dà bí èmi ni?" Mi ò tíì gbọ́ irú ọ̀rọ̀ yẹn lẹ́nu rẹ̀ rí.

Nígbà tí Elpidio ń fọwọ́ lẹ́gbẹ̀ẹ́ kànga, mo bi í ohun tí bàbá rẹ̀ sọ fún un lórí òkè. Ó kẹ́yìn sí mi. Ó ní, "Ó dúró níwájú Bulan àti gbogbo wọn. Ó ní ọwọ́ tòun ti kọ òun sílẹ̀, pé ọwọ́ mi ni iṣẹ́ ń fẹ́. Ó ní kí n wá bá òun ṣe é." Ó tún ọwọ́ rẹ̀ fọ̀, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ó ti mọ́. Ẹni ọdún mọ́kàndínláàádọ́ta ni ọkọ mi. Mo rò pé kò tíì gbọ́ kí bàbá rẹ̀ yin iṣẹ́ rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan.

Ọjọ́ Ajé, 3 oṣù Ògún

A tún bẹ̀rẹ̀. Òjò dá díẹ̀. Noy Goyo ti wọ ìbòjú, ó ti ṣe àmì àgbélébùú, ó fẹ́ gbé àkọ́kọ́ nínú àwọn orí tuntun. Tatay ní kó fún òun.

Noy Goyo wò mí. Ọdún mẹ́tàlélógún ni mo ti wà nínú ilé Tatay, mi ò rí i kó yin ìbọn rí, ti ara rẹ̀ tàbí ti ẹlòmíràn. Iṣẹ́ òun ni kóun rọ ọ́, ohun tó máa ń wí nìyẹn. Ó gba ìbòjú, ó wọ̀ ọ́, ó fi ọwọ́ méjèèjì di ìbọn mú, ó sì gbé ojú rẹ̀ sẹ́yìn iṣẹ́ ọmọ rẹ̀. Elpidio yíjú sí ògiri, kò lè wò ó.

Ó yìn ín. Èèpo ọta fò jáde lójú fèrèsé, ó já sílẹ̀ níbi tó yẹ kó já sí. Tatay ní ó gbá òun lọ́wọ́ díẹ̀. Ó dá a padà fún Noy Goyo, ó sì lọ dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ Elpidio.

Mo ṣí ojú ewé tuntun, mo sì kọ ọ́ síbẹ̀: ọta 1.